Gbé Ti Iwájú Sẹ́yìn: Ẹjọ́ Táyà Mẹ́rin ní Ẹdẹ

Ìjà kan wà tí kì í tán nídìí iṣẹ́ àwọn fọkanáísà ní Ẹdẹ, ì báà jẹ́ ní Òkè-Gádà tàbí ní oríta Akódà. Ẹnì kan á gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun fẹ́ táyà. Fọkanáísà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ pa ojú táyà iwájú, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, iwájú yín ti ń jẹ o. Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn, ká gbé tẹ̀yìn síwájú.” Kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó lanu, awakọ̀ tákísí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á ti gbà á sọ: “Ẹ má dá a lóhùn jàre. Bó bá jẹ tán, ẹ ra òmíràn. Èmi kì í gbé táyà mi kúrò níbi tí mo bá fi í sí, ọkọ̀ mi sì ń lọ.”

Ẹni tó bá yára dá ẹjọ́ yìí á ní fọkanáísà ló gbọ́n, nítorí ìwé tó ń bá ọkọ̀ tuntun wá láti ilé-iṣẹ́ ń gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Awakọ̀ tákísí náà ní ohun tó rí kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Fọkanáísà ni ká kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tó rí ni pé ìyà tó ń jẹ táyà iwájú kò dọ́gba pẹ̀lú ìyà tó ń jẹ tẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń rìn nílùú lónìí, Corolla, Camry, Golf, Micra, iwájú ni ẹ́ńjìnì wà, iwájú náà sì ni agbára rẹ̀ ń gbà dé ilẹ̀. Táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀. Òun náà ló ń yà bí a bá yí ìtọ́kọ̀. Bí a bá sì tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ síwájú, á jókòó lé e lórí. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta lọ́rùn ẹnì kan. Tẹ̀yìn kàn ń tẹ̀lé e ni, bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Ọkọ̀ tó ń yà ní oríta lẹ́ẹ̀mejìlá lóòjọ́, tó ń dúró níbi gbogbo tí èrò bá ti ní òun fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pá.

Kò fi gbogbo ara rí báyìí nígbà kan. Nígbà tí Peugeot 504 gbòde, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnì ń gbà jáde. Iwájú ń darí, ẹ̀yìn ń tì, iṣẹ́ pín. Ọ̀pọ̀ àṣà tí àwọn awakọ̀ òde òní jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ wọn, ìgbà 504 ló ti wá. Ọkọ̀ ti yí padà, àṣà ò tíì gbọ́.

Nítorí náà ni fọkanáísà ṣe ní ká máa pààrọ̀ àyè wọn. Fún ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà, táyà iwájú méjèèjì á lọ sẹ́yìn gbọọrọ, tọ̀tún sí ọ̀tún, tòsì sí òsì. Tẹ̀yìn á wá rékọjá ara wọn bọ̀ síwájú: èyí tó wà lọ́tùn-ún ẹ̀yìn á di òsì iwájú, èyí tó wà lósì ẹ̀yìn á di ọ̀tún iwájú. Fún ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn tì, bíi bọ́ọ̀sì Hiace, òdì kejì ni: tẹ̀yìn á wá síwájú gbọọrọ, tiwájú á rékọjá lọ sẹ́yìn. Táyà tí wọ́n bá ya ọfà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń sọ ọ̀nà tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí, kò gbọdọ̀ rékọjá. Iwájú sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà nìkan ló lè lọ. Bí ẹ́sítírà bá jẹ́ táyà gidi tó bá àwọn yòókù dọ́gba, òun náà lè dá sí i. Bó bá jẹ́ èyí tín-ín-rín tí wọ́n fi ń dọ́gbọ́n délé, kó máa sùn nínú búùtù. Bí gbogbo wọn bá ti jókòó síbi tuntun, ká tún afẹ́fẹ́ wọn wọ̀n bó ṣe wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, torí iye tiwájú lè yàtọ̀ sí tẹ̀yìn.

Ìgbà wo ló yẹ kí a ṣe é? Láàrin 8,000 sí 10,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ táyà máa ń dá fún ọkọ̀ kékeré.

Àǹfààní tí fọkanáísà ń rò kì í ṣe ti owó nìkan. Bí àpẹẹrẹ, táyà ẹ̀yìn tó bá pẹ́ lójú kan máa ń jẹ ní àkọtì, ibì kan á jìn, ibì kan á ga, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lójú títì bí ẹni pé bẹ́árìn ló fẹ́ kú. Bó bá ń lọ síwájú, tó ń padà, ojú rẹ̀ á máa tẹ́. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí jíjẹ bá mú kí táyà kan kéré ju ìyókù lọ, yóò máa yí ju ìyókù lọ, ìnira náà á sì wọ inú jíà. Ẹ tún fi èyí kún un: ẹni tó bá tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò rí ìṣó tó ti wọlé tí kò tíì jò, yóò rí ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú lọ́hùn-ún, yóò rí páàdì bíréèkì tó ti kù bí ìwé. Ohun tí ojú kì í rí látìta ló máa ń pa awakọ̀ lórí eré.

Ó yá, ẹ̀yin awakọ̀ tákísí, ẹ sọ tiyín.

Ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ ní lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi kálámù kọ ọ́, ìṣirò ni. Ká ní ojú táyà tuntun jìn ní 8 mílímítà. Láàrin àwọn ìlà ojú táyà ni wọ́n fi òkè kéékèèké sí. Bí ojú táyà bá jẹ débi tó bá òkè náà dọ́gba, 1.6 mílímítà ló kù, táyà ti parí iṣẹ́. Ohun tí a lè lò jẹ́ 6.4 mílímítà. Ká tún ní iwájú ń pàdánù mílímítà 1 ní gbogbo 8,000 kìlómítà, ẹ̀yìn ń pàdánù ìdajì rẹ̀. Bí a kò bá pààrọ̀ àyè, táyà iwájú á parí ní 51,200 kìlómítà, a ó ra méjì. Bí a bá ń pààrọ̀, gbogbo wọn á jọ dé nǹkan bí 68,000, a ó ra mẹ́rin. Ẹ ka rọ́bà tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà: nínú ètò méjèèjì, mílímítà 3 ni gbogbo táyà jọ ń pàdánù ní 8,000 kìlómítà. Pípààrọ̀ àyè kò fi rọ́bà kún rọ́bà. Ó dà bí ìgbà tí a bu ọbẹ̀ inú ìkòkò kan sínú àwo mẹ́rin: ó lè dọ́gba, kò lè pọ̀ sí i.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, awakọ̀ á bèèrè pé, kí ló dé tí òun ó fi ṣètò kí táyà mẹ́rin jọ kú lọ́jọ́ kan? Owó òòjọ́ ni òun ń rí. Nínú rẹ̀ ni yóò ti yọ ti ọlọ́kọ̀, ti epo àti ti ẹgbẹ́, kó tó kan ti ìyàwó àti ọmọ. Bí àjọ bá bọ́ sí i lọ́wọ́, táyà méjì ló lè gbé. Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn, òkèèrè la gbójú lé fún táyà ọkọ̀ kékeré. Bí dọ́là bá gòkè, táyà á bá a gòkè.

Ohun kejì: ìwé ilé-iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá mẹ́rin, tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà. Mélòó ló wà bẹ́ẹ̀ láàrin ọkọ̀ tó ń ná Òwódé, Ẹdẹ àti Òṣogbo? Táyà tòkunbọ̀ wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ kà léèwọ̀ láti kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ ẹ ó rí i lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n tò ó lérí ara wọn. Ọ̀kan bẹ́ lánàá, wọ́n ra ọ̀kan dípò rẹ̀. Òmíràn wú lóṣù tó kọjá, wọ́n ra ọ̀kan. Táyà mẹ́rin, orúkọ mẹ́ta, ọjọ́ orí mẹ́rin. Bí ẹ bá ní kí irú wọn rékọjá ara wọn, ẹ lè so èyí tó jìn pọ̀ mọ́ èyí tó ti fẹ́ pá níwájú kan náà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìtọ́kọ̀ á máa bá awakọ̀ jìjàkadì.

Ìkẹta ló lágbára jù lójú tèmi. Kì í ṣe gbogbo jíjẹ táyà ló wá láti ibi tó wà. Kòtò kan ṣoṣo tí ọkọ̀ já sí lójijì lè yẹ aláínmẹ́ǹtì, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú nìkan, níbi tí ẹni tó dúró lókèèrè kò lè rí. A máa ń sọ pé ọkọ̀ kan “ń jẹ táyà”, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí i gan-an. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ táyà, tí o gbé èyí tó ti jẹ sẹ́yìn, tí o gbé èyí tó dáa wá síwájú, oúnjẹ tuntun lo gbé kalẹ̀ fún ẹnu kan náà. Ká ní o fi wọ́n sílẹ̀, táyà méjì péré ni ìbá bàjẹ́. Ní báyìí mẹ́rin ni.

Ìkẹrin, nọ́ọ̀tì. Gbogbo ìgbà tí a bá tú táyà ni a ń fún àṣìṣe láyè. Àwọn kan á fi páìpù gùn sípánà, wọ́n á dìde dúró lé e lórí, títí ẹnu nọ́ọ̀tì á fi fẹ́ já. Àwọn mìíràn á di mẹ́ta dáadáa, wọ́n á di ìkẹrin pẹ̀lú ọwọ́ nítorí pé oníbàárà mìíràn ń pè. Táyà tó yọ lórí eré kì í bèèrè bóyá ojú òun dọ́gba. Awakọ̀ tó ń rin 150 kìlómítà lóòjọ́, 60 ọjọ́ péré ni yóò fi rin 9,000. Á jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́dún ni wọn ó máa tú táyà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni yóò sanwó, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn nígbà tí èrò ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì dé nìyí tí mo fi rí i pé ẹni tí wọ́n ń jà lé lórí, ìyẹn ẹni tó gbé ọkọ̀ wá fẹ́ táyà, kò tíì sọ ohun tó ń fi ọkọ̀ ṣe. Níbẹ̀ ni ìṣirò awakọ̀ ti ń yẹ̀.

Ká ní olùkọ́ ni, tó ń ti ilé lọ sí Federal Polytechnic tó ń padà, 20 kìlómítà lóòjọ́. Bó bá ń wakọ̀ lójoojúmọ́ ayé, 7,300 kìlómítà ni yóò rìn lọ́dún. Táyà iwájú inú ìṣirò wa á gbà á tó ọdún méje kó tó parí. Lọ́jọ́ tó bá parí, táyà ẹ̀yìn ṣì ní ojú dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà ti pé ọdún méje nínú oòrùn Ẹdẹ, rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń sán. Ọjọ́ orí ń pa táyà bí ọ̀nà ṣe ń pa á. Bó bá gbọ́n, yóò ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nù. Ohun tó ṣì ṣeé lò lójú méjì tó wà lẹ́yìn, tí kò lò rárá, jẹ́ 3.2 mílímítà lọ́nà méjì. Ìyẹn jẹ́ 6.4, odindi táyà kan tó sanwó rẹ̀ tí kò gùn. Ká ní ó ti ń pààrọ̀ àyè wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, lọ́jọ́ kan náà yẹn, ojú á ṣì kù lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì ní í wa ọkọ̀ tó fi iwájú tó pá gun ojú títì nígbà òjò ní oṣù mélòó kan tó kẹ́yìn.

Awakọ̀ tákísí kò sí nínú wàhálà yẹn. Bó bá ń ṣiṣẹ́ 300 ọjọ́ lọ́dún, 45,000 kìlómítà ló ń rìn. Ọdún kan lé díẹ̀, táyà iwájú ti tán. Oòrùn kò ráyè pa tẹ̀yìn. Ọ̀nà ni yóò pa á. Kò sí rọ́bà tó ń ṣòfò fún un. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé pípààrọ̀ àyè kò fi owó kún àpò òun, òótọ́ ni, lójú irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó ṣe é ni pé ó gbé òótọ́ ti ara rẹ̀ fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. Fọkanáísà náà ṣe bẹ́ẹ̀: ó gbé òótọ́ inú ìwé ilé-iṣẹ́ fún gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró níwájú rẹ̀.

Ó ku ibi kan tí àwọn méjèèjì ti ń ṣe àṣìṣe papọ̀. Ẹ bi wọ́n pé tí èèyàn bá ní táyà méjì tó dáa àti méjì tó ti jẹ, ibo ni kó fi èyí tó dáa sí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé iwájú. Wọ́n ní bí táyà iwájú bá bẹ́, ìtọ́kọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàìnídìí. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni àwọn tó ń ṣe táyà, bíi Michelin, ń sọ pé kó lọ. Nínú omi òjò, bí táyà iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ gbọọrọ, awakọ̀ á mọ̀ ọ́n lára, bó bá fẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó lè gbà á padà. Bí tẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á kọjá síwájú, ọkọ̀ á pòyì, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Ẹni tó bá ti wakọ̀ lọ́nà Gbọ̀ngán sí Òṣogbo lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn mọ bí ojú títì ṣe ń yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ti táyà tó ń bẹ́, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí kò tó àti ọjọ́ orí táyà ni púpọ̀ jù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó kò yẹ ní iwájú, kò yẹ lẹ́yìn.

Ẹlòmíràn á ní, bí ẹ̀yìn ló yẹ èyí tó dáa, ṣé kì í ṣe pé ìmọ̀ràn fọkanáísà, tó ní ká gbé tẹ̀yìn tó dáa síwájú, ti já sí asán? Kò já sí asán, ṣùgbọ́n ó ní àkókò. Bí a bá ń pààrọ̀ àyè láti ìgbà táyà ti wà ní tuntun, ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kì í ju ìdajì mílímítà lọ, kò lè pọkọ̀ dà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iwájú ti pá tán la rántí, tí ẹ̀yìn ṣì jìn, ó ti pẹ́. Táyà tó ti pá la fẹ́ gbé lọ síbi tó léwu jù. Ọkọ̀ tó bá dé irú ìgbà yẹn, táyà ló yẹ kó rà.

Kí awakọ̀ tákísí wá ra méjì, bó ṣe fẹ́ tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ibo ni yóò fi wọ́n sí? Ẹ̀yìn. Èyí tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, tó ṣì ní 4.8 mílímítà nínú ìṣirò wa, ń kọ́? Á bọ́ síwájú, kó wá parí ayé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó, ẹni tó búra pé òun kì í gbé táyà kúrò níbi tí òun fi í sí, òun náà ti gbé tẹ̀yìn síwájú. Kò tú táyà ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́dún, àjọ rẹ̀ sì gbé e, síbẹ̀ gbogbo táyà tó bá rà yóò ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn kó tó ṣe iṣẹ́ iwájú. Ó yẹ kó fi yíyẹ̀wò dí ohun tó fò. Kó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ inú táyà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, torí kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ló gbé. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni Ẹdẹ wà nígbà tí ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ọdún mọ́kànlá kí FRSC ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀nà wa yìí ti kọ́ wa pé táyà ẹnì kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

Ní ti olùkọ́, kó jẹ́ kí fọkanáísà gbé e, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ọmọ ìyá. Kó dúró tì í nígbà tó bá ń di nọ́ọ̀tì, kí ó dì í ní ìkọjá-sí-ìkọjá, kí òun fúnra rẹ̀ sì tún un dì lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà.

Ṣùgbọ́n kí jáàkì tó kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí fọkanáísà tún ọwọ́ rẹ̀ gbé. Ní àkọ́kọ́, àárín ojú táyà nìkan ló fọwọ́ pa. Kó fà á láti ẹ̀gbẹ́ ìta dé ẹ̀gbẹ́ inú. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ, tí àárín ṣì ga, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í tó. Bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá jẹ, ọ̀dọ̀ oníaláínmẹ́ǹtì ni kó darí rẹ̀ sí, kó má tíì tú nǹkan kan. Bó bá jẹ ní àkọtì, kó wo ṣọ́ọ̀kì àti bálánsìn. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ́ láti ìta dé inú, tó kàn jẹ́ pé iwájú rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, kó tó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn.” Mo rò pé lọ́jọ́ náà, awakọ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì á kàn sún díẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ ni, kó lè jókòó dúró de iṣẹ́.